Bàbá Tí Mò Ń Bá Jà Nínú Fóònù

Ẹni tó bá wá síbi tí mo ti ń hun aṣọ ní Ìsẹ́yìn á kọ́kọ́ rí òwú kó tó rí mi. A máa ń ta òwú náà gbọọrọ sílẹ̀ níwájú òfì, a ó fi òkúta di ìdí rẹ̀ mú níbi tó jìnnà. Bí mo bá ṣe ń hun ún ni òkúta yẹn ń wọ́ bọ̀ lọ́dọ̀ mi díẹ̀díẹ̀. Òfì mẹ́ta ló wà lábẹ́ àtíbàbà tó wà lẹ́yìnkùlé ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin, tí mò ń pè ní Ìyá. Nígbà kan, àwa ọmọbìnrin mẹ́ta la jókòó síbẹ̀. Ọ̀kan lọ sílé ọkọ ní Ṣakí. Èkejì ní ẹ̀yìn ń dun òun, ó lọ kọ́ iṣẹ́ irun dídì. Ó wá ku èmi nìkan.

Láti kékeré ni n kì í ti í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Nílé ìwé, bí olùkọ́ bá bi mí ní ohun tí mo mọ̀, màá dákẹ́ títí á fi bi ẹlòmíràn. Ìwé mẹ́fà ni mo kà kí n tó wá sídìí òfì. Ìyá kò fìyà jẹ mí rí, ṣùgbọ́n Ìyá kì í gbélé. Gàrí ló ń tà, Ìgànná ló sì ti ń lọ rà á. Bó bá jáde láàárọ̀, ó di ìrọ̀lẹ́. Àwọn ọjọ́ kan wà tó jẹ́ pé "ẹ káàárọ̀" tí mo bá kí Ìyá nìkan ni ọ̀rọ̀ tó máa jáde lẹ́nu mi títí oòrùn á fi wọ̀. Bí mo bá wá fẹ́ kí i káàbọ̀ nírọ̀lẹ́, ohùn mi á ha, màá kọ́kọ́ húkọ́.

Bí mo ṣe wà nìyẹn nígbà tí ọmọ Ìyá wálé ọdún Iléyá láti Ìbàdàn. Ó jù mí lọ dáadáa, Bọ̀ọ̀dá ni mò ń pè é. Iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ló ń ṣe níbẹ̀. Lọ́jọ́ kejì ọdún, ó wá bá mi lábẹ́ àtíbàbà, ó ń jẹ ẹran yíyan, ó ní kí n gbé fóònù mi wá.

"Àbúrò, ṣé o máa ń gbá géèmù?"

"Rárá o."

"O ò gbá a rí? Rárá rárá?"

"N ò gbá a rí, Bọ̀ọ̀dá."

Ó pàtẹ́wọ́, ọ̀rá ẹran sì wà lọ́wọ́ rẹ̀. "Ìwọ gan-an ni mò ń wá!"

Ẹnikẹ́ni kò tíì sọ bẹ́ẹ̀ fún mi rí.

Géèmù tí òun fúnra rẹ̀ ń ṣe ló fi sínú fóònù náà. Ìlú méjì ló wà níbẹ̀, odò kan là wọ́n láàárín. Ìlú kan jẹ́ tèmi, èkejì jẹ́ ti kọ̀ǹpútà. Ìlú kọ̀ọ̀kan ní àgbẹ̀, ó ní ọdẹ, ó ní ẹlẹ́ṣin. Kì í ṣe irú èyí tí èèyàn ń sáré tẹ̀. Bí mo bá ṣe tèmi tán, ó kan kọ̀ǹpútà. Á ro tirẹ̀, á ṣe é, á wá kàn mí padà. A ó máa ṣe bẹ́ẹ̀ títí ogún ọdún á fi pé nínú géèmù. Ẹni tí ilẹ̀ rẹ̀ bá pọ̀ jù lọ ló borí, àfi bí ẹnì kan bá ti gba ààfin ẹnì kejì kó tó dìgbà yẹn.

Kí àwọn èèyàn lè rí ẹni tí wọ́n ń bá jà, Bọ̀ọ̀dá ya àwòrán bàbá arúgbó kan fún kọ̀ǹpútà. Ó dé fìlà abetí-ajá, irùngbọ̀n rẹ̀ funfun, ó kọ àbàjà. Bàbá náà máa ń sọ̀rọ̀. Ohùn Bọ̀ọ̀dá ni, ó kàn ṣe é kó ki ni: "Mo ti ṣe tèmi. Ó kàn ọ́."

"Ibi tí iṣẹ́ kù sí nìyí," Bọ̀ọ̀dá ní. "Bàbá yìí ò ní làákàyè tirẹ̀. Èmi ni mò ń sọ fún un bó ṣe máa ronú jìnnà tó. Bí mo bá jẹ́ kó ronú jù, kò sẹ́ni tó máa lè borí rẹ̀, inú á bí wọn, wọ́n á yọ géèmù mi dànù. Bí mo bá sì jẹ́ kó gọ̀, ẹ̀ẹ̀kan péré ni wọ́n á gbá a, á sú wọn. Bí iyọ̀ ọbẹ̀ ni. Mo fẹ́ kí ojú èèyàn rí màbo díẹ̀ kó tó borí. Àwọn ọ̀rẹ́ mi ní Ìbàdàn ti ń gbá géèmù láti kékeré, wọn ò lè sọ fún mi bó ṣe máa ń rí lára ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ìwọ lo máa sọ ọ́."

"Kí ni kí n máa sọ?"

"Ohunkóhun tó bá ti wá sí ọ lọ́kàn."

Ó padà sí Ìbàdàn. Láti ọjọ́ náà lọ, bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú lábẹ́ àtíbàbà, tí mi ò rí òwú dáadáa mọ́, fóìsì Bọ̀ọ̀dá, ohùn tó gbà sílẹ̀ fún mi, á wọlé sórí fóònù mi. "Àbúrò, báwo ni? Ta ló borí lónìí?" Nígbà míì mo máa ń gbọ́ ariwo ọkọ̀ lẹ́yìn rẹ̀, nígbà míì ó máa ń jẹun lọ́wọ́. Màá gbọ́ ọ, màá tún un gbọ́. Èsì tèmi kì í gùn: "Ẹ káalẹ́, Bọ̀ọ̀dá. Bàbá ló borí. Ó dáa. Ẹ ṣé." Síbẹ̀, màá gbà á sílẹ̀, màá pa á rẹ́, màá tún un gbà kí n tó fi ránṣẹ́. Bí mo bá ń hun aṣọ lọ́sàn-án, mo máa ń ro ohun tí màá sọ nírọ̀lẹ́. Ó ti pẹ́ gan-an tí mo ti ní ohun kan tí mò ń fojú sọ́nà fún kẹ́yìn.

Bàbá ló sì ń borí lóòótọ́, lójoojúmọ́. Mo máa ń ro oko mi dáadáa. Mo máa ń mọ odi yí ìlú mi ká. Màá kó àwọn ẹlẹ́ṣin mi jọ sétí odò, wọ́n á dúró níbẹ̀. Bó bá yá, àwọn ẹlẹ́ṣin Bàbá á rọ́ dé, wọ́n á gba oko tó wà létí omi. Màá lé wọn padà títí dé odò, màá tún dúró. Bí ogún ọdún bá pé, ilẹ̀ Bàbá á ju tèmi lọ.

"Ṣé ó le jù ni?" Bọ̀ọ̀dá á bi mí.

"Ó le díẹ̀."

"Ó ti yé mi. Fi mí sílẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀."

Á lọ tún un ṣe, á fi tuntun ránṣẹ́, á sì sọ ohun tó yọ kúrò fún mi. Ó ní òun ti dín ẹṣin Bàbá kù. Ó ní òun ti sọ fún un kó má ronú kọjá ohun tó wà níwájú rẹ̀. Ó ní òun ti ṣe é kó máa gbàgbé ibi tó fi àwọn ọdẹ rẹ̀ sí. Tuntun á dé, màá gbá a, Bàbá á tún borí.

Èmi náà ń rí i pé Bàbá ń yí padà. Bàbá ń rán àgbẹ̀ lọ sójú ogun. Bàbá á kó ẹṣin wọnú odò, á gbàgbé wọn síbẹ̀ sínú omi. Àánú máa ń ṣe mí. Mi ò ní fọwọ́ kan àwọn ẹṣin náà, màá ro oko mi, màá dúró títí Bàbá á fi rántí wọn. Mi ò sọ èyí fún Bọ̀ọ̀dá. Ta ló ń ròyìn fún èèyàn pé òun kúnlẹ̀ kí òun tó kí àgbà?

Ní ọjọ́ Jímọ̀ kan, Bọ̀ọ̀dá wálé láìsọ tẹ́lẹ̀. Ojú rẹ̀ ti fà wọlé. Ó sọ fún Ìyá pé àwọn kan tó ń gbé géèmù jáde fẹ́ wo tòun lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, ọdún mélòó kan lòun sì ti fi ń ṣe é. Ó wá bá mi lábẹ́ àtíbàbà.

"Mo gbé e fáwọn ọ̀rẹ́ mi gbá lánàá," ó ní. "Wọ́n fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ títí ilẹ̀ fi ṣú. Wọ́n ní ara bàbá yìí ò yá, kí n lọ wá ọmọ tó máa tọ́jú rẹ̀. Síbẹ̀ ìwọ ń sọ fún mi pé ó le. Gbé fóònù yẹn wá, jẹ́ kí n wo bí o ṣe ń ṣe é."

Mo gbé fóònù náà wá. Mo rò ó lọ́kàn mi pé bó bá rí i pé mi ò mọ̀ ọ́n gbá, á wá ẹlòmíràn tó máa máa bá a gbá a. Ìrọ̀lẹ́ á wá padà di ìrọ̀lẹ́ lásán.

Ó fa àpótí kan, ó jókòó tì mí. Mo bẹ̀rẹ̀. Mo ro oko, mo mọ odi, mo kó àwọn ẹlẹ́ṣin sétí odò. Bàbá ní, "Mo ti ṣe tèmi. Ó kàn ọ́." Mo tún ro oko sí i.

"Kí ló dé tí o ò sọdá?"

Mo tún mọ odi kan sí i.

"Àbúrò, wò ó. Ẹlẹ́ṣin rẹ rèé, wọ́n pé. Kò sí ẹyọ ẹnì kan lẹ́nu odi rẹ̀. Sọdá!"

"Wọn ò tíì bẹ̀rẹ̀."

"Àwọn wo?"

"Bàbá."

Ó wò mí. "Bàbá wo?"

Mo nawọ́ sí fóònù.

Ẹ̀rín tí Bọ̀ọ̀dá rín lọ́jọ́ náà, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣubú lórí àpótí. Ó ń lu orúnkún ara rẹ̀. Ìyá tó ń wọn gàrí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé gbọ́, ó dìde wá, gàrí funfun lọ́wọ́ rẹ̀.

"Kí ló ṣe tí o fi ń fi ọmọ ọlọ́mọ rẹ́rìn-ín?"

"Màámi, ẹ gbà mí! Kọ̀ǹpútà ló ń bọ̀wọ̀ fún! Ó ń dúró kí kọ̀ǹpútà kọ́kọ́ gbá a létí!"

Ìyá nu ọwọ́ sára ìró rẹ̀, ó gba fóònù náà, ó gbé e jìnnà sójú kó lè rí i.

"Ta ni bàbá yìí?"

"Kì í ṣe ẹnì kankan, Màámi. Èmi ni mo yà á."

"Ó jọ bàbá ọlọ́kadà tó máa ń gbé mi re Ìgànná."

"Màámi!"

"Kí ló ṣe ẹ?"

"Kò ṣe mí ní nǹkan kan."

"Bàbá jókòó jẹ́ẹ́ sílé ẹ̀, kò tọ́ ẹnikẹ́ni, o wá ní kí ọmọbìnrin lọ kó ẹṣin bò ó. Ṣé bí mo ṣe tọ́ ẹ nìyẹn?" Ó dá fóònù padà fún mi. "Má dá a lóhùn. Jẹ́ kí bàbá kọ́kọ́ ṣe tiwọn."

Nígbà tí Ìyá padà sídìí gàrí rẹ̀, ẹ̀rín ti kúrò lójú Bọ̀ọ̀dá. Ó gbé ọwọ́ lé orí.

"Gbogbo bí mo ṣe ń sọ bàbá yìí di òmùgọ̀," ó ní, "ìwọ ni mò ń wò ṣe é. Mo rò pé apá ẹ ò ká a ni. O kàn ń dúró dè é." Ó mí kanlẹ̀. "Kí ló dé tí o ò sọ fún mi?"

"Ẹ ò bi mí."

Òótọ́ ni mo sọ, ṣùgbọ́n ó jọ àfojúdi létí èmi fúnra mi, mo sì dorí kodò. Nílé tí wọ́n ti tọ́ mi, ọmọdé kì í nawọ́ sí àwo kí àgbà tó nawọ́. Bí àgbà bá jókòó níbì kan, a kì í gba iwájú rẹ̀ kọjá láìtọrọ gáfárà. Kò wá sí mi lọ́kàn rárá pé bàbá tó wà nínú fóònù yàtọ̀.

"Ó dáa," Bọ̀ọ̀dá ní. "Sọdá báyìí. Èmi ni mo rán ẹ."

Mo ti ẹlẹ́ṣin kan sínú odò. Mò ń retí kí Bàbá bínú. Bàbá kàn ní, "Mo ti ṣe tèmi. Ó kàn ọ́," ó sì rán àgbẹ̀ kan wá pàdé mi. Mo kó àwọn yòókù sọdá. Kò pẹ́ tí mo fi wọ ààfin. Agogo dún nínú fóònù náà, wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé mo borí. Bọ̀ọ̀dá pàtẹ́wọ́ fún mi.

Kò dùn mọ́ mi nínú.

"Kí ló dé?" ó bi mí.

"Kò sí."

"Ó wà. Sọ ọ́, jọ̀ọ́."

"Ẹ ti bà wọ́n jẹ́." Ọ̀rọ̀ náà bọ́ lẹ́nu mi kí n tó mọ̀. Nígbà tó sì ti bọ́, mi ò mọ bí mo ṣe máa dá ìyókù dúró. "Nígbà àkọ́kọ́, bí wọ́n bá fẹ́ wá bá mi jà, wọ́n máa ń kọ́kọ́ rán ọdẹ kan wá wo odi mi. Bí mo bá ti rí ọdẹ yẹn, àyà mi á já. Àmọ́ màá mọ̀ pé wọ́n ń ronú nípa mi. Báyìí, wọn ò ronú nípa mi mọ́. Bí mo wà, bí mi ò sí, ohun kan náà ni wọ́n ń ṣe."

Bọ̀ọ̀dá ò rẹ́rìn-ín lọ́tẹ̀ yìí. "Tún un sọ," ó ní.

Mo tún un sọ. Ó bi mí nígbà tí ẹ̀rù máa ń bà mí jù. Ó bi mí nígbà tó máa ń sú mi. Ó bi mí bóyá mo fẹ́ kí Bàbá máa ṣàṣìṣe, mo ní kí wọ́n máa ṣe é, ṣùgbọ́n kó jẹ́ irú èyí tí èèyàn máa ń ṣe nítorí ìkánjú, kí wọ́n má kàn máa gbàgbé ẹṣin sínú omi bí ẹni tí ọjọ́ ti lọ lórí rẹ̀. A jókòó síbẹ̀ títí wọ́n fi pe ìrun mágàríbì. Mi ò tíì sọ̀rọ̀ tó bẹ́ẹ̀ rí láyé mi. Nígbà tí mo dìde, ọ̀nà ọ̀fun mi ń dùn mí.

Ó padà lọ, fóìsì sì tún ń wọlé, ó tilẹ̀ ń ju ẹ̀ẹ̀kan lọ lóòjọ́. Ó ti dá ìrònú Bàbá padà. Ó ti jẹ́ kí ọdẹ máa kọ́kọ́ wá wo odi, ì báà jẹ́ ní ibi tó rọrùn jù lọ. Ó sì wá pín Bàbá sí mẹ́ta, kí ẹni tó fẹ́ gbá a lè mú èyí tó wù ú. Èyí tó le jù ń ronú jìnnà, kì í ṣàánú. Èyí tó tẹ̀ lé e ń kánjú nígbà míì. Ẹ̀kẹta kì í kó ẹṣin sọdá odò àfi bí ìwọ bá kọ́kọ́ sọdá.

"Èyí jẹ́ tìẹ," ó ní. "Onísùúrù ni mo pè é."

Àwọn tó fẹ́ wo géèmù náà wò ó, wọ́n sì gbà á. Bọ̀ọ̀dá pe Ìyá lórí fóònù, Ìyá jó yí àpò gàrí ká. Bọ̀ọ̀dá ní kí wọ́n gbé fóònù fún mi.

"Àbúrò, o ṣé gan-an. Iyọ̀ ti tó wàyí. Kò sóhun tó kù."

"Ẹ kú oríire, Bọ̀ọ̀dá."

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, ilẹ̀ ṣú lábẹ́ àtíbàbà, fóìsì kankan kò wọlé. Mo ní bóyá ó rẹ̀ ẹ́. Ọjọ́ tó tẹ̀ lé e náà kò sí. Nígbà tó pẹ́ díẹ̀, mo kúrò ní ẹni tó ń wo fóònù, mo wá padà di ẹni tó ń ká òwú. Ó máa ń pe Ìyá. Ìyá á ní, "Ó ní kí n kí ẹ o." Màá ní, "Wọ́n ṣeun."

Kò sẹ́ni tó ní kí n má pè é. Ṣùgbọ́n kí ni màá sọ? Ẹ̀gbọ́n tó ní iṣẹ́ lọ́wọ́, bí àbúrò bá pè é, ó yẹ kó jẹ́ pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀ nílé. Nǹkan kan kò ṣẹlẹ̀ nílé.

Onísùúrù ni mo wá ń bá gbá a. Èmi wà ní òdìkejì odò, Bàbá wà ní tiwọn. Mo ro oko mi, wọ́n ro oko tiwọn. Ọdẹ wọn á wá wo odi mi, á padà. "Mo ti ṣe tèmi. Ó kàn ọ́." Ohùn Bọ̀ọ̀dá tó ki yẹn ni ohùn rẹ̀ kan ṣoṣo tí mò ń gbọ́. Ogún ọdún á pé, ilẹ̀ wa á dọ́gba, wọ́n á kọ ọ́ síbẹ̀ pé kò sẹ́ni tó borí. Nígbà àkọ́kọ́, ó fi mí lọ́kàn balẹ̀. Kò sẹ́ni tó ń gba nǹkan ẹnikẹ́ni.

Ó wá di ọjọ́ kan, ọyẹ́ ti bẹ̀rẹ̀, ètè mi ti bó. Ilẹ̀ ìlú méjèèjì ti kún fún oko, kò síbi tí a ó tún ro mọ́. Mò ń tẹ̀ pé ó kan Bàbá, Bàbá ń ní ó kàn mí, kò sí nǹkan mìíràn tí ẹnikẹ́ni nínú wa ń ṣe. Ó wá yé mi pé Bàbá ò lè kó ẹṣin sọdá láé, bó ti wù kó pẹ́ tó. Wọn kì í ṣe ọmọ aráyé. Bọ̀ọ̀dá ló ṣe wọ́n bẹ́ẹ̀ nítorí tèmi.

Mo pa géèmù náà. Mo ṣí ibi tí fóìsì Bọ̀ọ̀dá wà, èyí tó gbẹ̀yìn ti wà lókè lọ́hùn-ún. Mo tẹ ibi tí wọ́n ti ń gba ohùn sílẹ̀, mo dì í mú.

"Bọ̀ọ̀dá, ẹ káalẹ́. Èmi ni. Kò sí nǹkan kan o. Ara Ìyá le." Mo dákẹ́ fúngbà díẹ̀. "Ọyẹ́ ti dé níbí. Òwú ń já lọ́wọ́ mi torí ó ti gbẹ jù. Aṣọ aláwọ̀ ewé kan ni mò ń hun, ó rẹwà. Ìyẹn náà ni. Mo kàn ní kí n bá yín sọ̀rọ̀ ni."

Mo gbọ́ ọ. Kò dára. Ewúrẹ́ kan ké láàárín rẹ̀, ibi tí mo sì ti dákẹ́ gùn jù. Ìka mi wà lórí ibi tí wọ́n ti ń pa á rẹ́. Mo gbé e kúrò níbẹ̀, mo fi fóìsì náà ránṣẹ́.

Àmì tó fi hàn pé ó ti dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ yọ. Èyí tó ń fi hàn pé ó ti gbọ́ ọ kò tíì yọ. Ọ̀kadà dúró níwájú ilé, Ìyá pè mí pé kí n wá bá òun sọ àpò gàrí kalẹ̀. Mo dá a lóhùn. Mo gbé fóònù náà sórí igi òfì, mo gbé ojú rẹ̀ sókè, kí n lè rí i láti ọ̀nà jíjìn bó bá tàn.